CORE i7 TÒKUNBỌ̀: ORÚKỌ ŃLÁ NI LÓÒÓTỌ́, ÀMỌ́ ṢÉ ÀGBÀ NÁÀ ṢÌ LÈ JÀ?

Bí ènìyàn bá dúró fún wákàtí kan péré ní Computer Village, n'Íkẹjà, kò ní í ṣàì rí irú ìran yìí. Bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó àjọ yóò wọ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ẹ́ wọ yunifásítì yóò sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ yóò fi ṣiṣẹ́ ilé-ìwé ni bàbá ń wá. Èyí tí yóò fi gbá bọ́ọ̀lù FIFA lọmọ ń wá ní tiẹ̀. Kí wọ́n tó rí ibi jókòó, ọlọ́jà ti gbé àpótí dúdú kan sórí tábìlì, ó ti ń nu eruku ara rẹ̀.

"Dadi, ẹ wo ọjà! Core i7 ni, UK used, inú kọ̀ńténà ló ti ń bọ̀ báyìí. Kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ fi ṣe tí kò ní í ṣe."

"Ṣé kì í ṣe ayédèrú, ọmọ mi?"

"Ha, Dadi! Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ níwájú. Ọ́fíìsì àwọn òyìnbó ló ti wá."

Ọlọ́jà yẹn ò purọ́ o. Core i7 ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ló sọ. Ìdajì tó kù wà nínú nọ́mbà tó tẹ̀ lé orúkọ náà, èyí tí bàbá ò bèèrè, tí ọlọ́jà náà ò sì dárúkọ. Bí nọ́mbà ọ̀hún bá jẹ́ 2600, a jẹ́ pé ọdún 2011 ni wọ́n ti gbé irú ọjà bẹ́ẹ̀ jáde. Bẹ́ńsì ni wọ́n ń tà fún bàbá, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn rẹ̀. Bẹ́ńsì ọdún wo ni ìbéèrè tó kù.

Ohun tí wọ́n ń pè ní prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, àmọ́ gbogbo iṣẹ́ tí ènìyàn bá rán kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ilé-iṣẹ́ Intel ti Amẹ́ríkà ló ni Core i7-2600, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011 ló sì dé orí àtẹ. Àwọn ẹ́ńjíníà wọn tó wà ní Haifa, lórílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, ló ṣiṣẹ́ lórí ìran tó ti wá. Gesher ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, ìyẹn afárá lédè Hébérù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú kan ti jẹ́ orúkọ yẹn rí ní Ísírẹ́lì, ẹgbẹ́ náà sì ti túká. Ta ni yóò sọ ọmọ tuntun lórúkọ ẹgbẹ́ tó ti fọ́? Bí wọ́n ṣe yí i padà sí Sandy Bridge nìyẹn.

Orúkọ tuntun náà ò ní kí wàhálà má wá. Oṣù kìn-ín-ní yẹn ò tíì parí tí Intel fi jáde, lọ́jọ́ 31, pé àṣìṣe wà nínú chipset tó ń bá prósẹ́sọ̀ náà ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù. Àwọn ihò kan tí wọ́n ń ki wáyà hard disk sí lè máa kú díẹ̀díẹ̀ bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún. Wọ́n dá ọjà dúró, wọ́n ní kí àwọn tó ti kó o dá a padà, wọ́n sì ṣírò pé àtúnṣe àti pàṣípààrọ̀ nìkan yóò ná àwọn ní nǹkan bíi $700 mílíọ̀nù. Prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ò lẹ́ṣẹ̀ kankan lọ́rùn, bọ́ọ̀dù ló kó bá a. Bẹ́ẹ̀ ni ihò méjì tó yára jù lórí bọ́ọ̀dù ọ̀hún kò sí nínú àwọn tí àrùn náà mú.

Ọ̀tá rẹ̀ tilẹ̀ tún bá a ṣe é. Ilé-iṣẹ́ AMD, tí wọ́n jọ ń na ọjà kan náà, gbé FX-8150 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2011 yẹn kan náà, wọ́n ń pariwo pé òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú tiwọn. Ìgbà tí àwọn tó ń dán kọ̀ǹpútà wò gbé e sórí ìwọ̀n, pàápàá nídìí géèmù, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ AMD ò rí mẹ́rin Intel gbé ṣe. Ọ̀rọ̀ náà di ti ilé-ẹjọ́ ní California, àwọn oníbàárà ní mẹ́jọ táwọn rà kì í ṣe mẹ́jọ tó pé. Lọ́dún 2019, AMD gbà láti san $12.1 mílíọ̀nù kí ẹjọ́ lè parí.

Kí wá ló wà nínú i7-2600 gan-an? Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè di iṣẹ́ méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Eré 3.4 GHz ló ń sá, bí iṣẹ́ bá sì le, ó lè gùn dé 3.8. $294 ni Intel fi lélẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 2600K, jẹ́ $317, K tó wà nídìí orúkọ rẹ̀ sì fi hàn pé wọn ò tì í pa: ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe lè fi agbára mú un sáré kọjá bí wọ́n ṣe bí i, títí dé 4.5 GHz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí fáànù orí rẹ̀ bá dáa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn táwọn onígéèmù fi gbé 2600K gẹ̀gẹ̀ bí ọba. Òmíràn nínú wọn lò ó fún ọdún méje, ọdún mẹ́jọ, kò pààrọ̀ rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe agbára rẹ̀ nìkan ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí oyè. Intel fúnra wọn ló ṣe ọ̀lẹ. Lẹ́yìn tí AMD ṣubú, kò sẹ́ni tó ń lé wọn mọ́, ni wọ́n bá ń fi díẹ̀ lé díẹ̀ lọ́dọọdún, i7 àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán sì wà lórí òṣìṣẹ́ mẹ́rin láti ọdún dé ọdún. Ìgbà tí AMD jí dìde pẹ̀lú Ryzen ní oṣù kẹta ọdún 2017 ni ojú Intel tó dá. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni i7-8700K dé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Láti ìgbà yẹn lọ ni arúgbó wa ti ń rí ẹ̀yìn àwọn ọmọdé lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àpótí tó wà lórí tábìlì yẹn, ó lè jẹ́ HP Compaq 8200 Elite, ó sì lè jẹ́ Dell OptiPlex 990 tàbí Lenovo ThinkCentre M91p. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni gbogbo wọn. 2600 tí kò ní K ni wọ́n máa ń kó sínú irú wọn, bọ́ọ̀dù wọn kò sì fàyè gba kí ènìyàn fi agbára mú prósẹ́sọ̀ sáré. Nítorí náà, gbogbo ìtàn akọni tí ọmọ ti gbọ́ nípa 4.5 GHz, ti ẹ̀gbọ́n ni, kì í ṣe ti èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí.

Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, àgbà náà ò tíì kú, kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Ẹni tó fẹ́ tẹ lẹ́tà, tó fẹ́ fi Excel ṣírò owó ẹgbẹ́, tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò JAMB orí kọ̀ǹpútà, tàbí tó fẹ́ fi CorelDRAW ya páálí ìpè ìgbéyàwó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, yóò gbádùn rẹ̀. Ohun tó máa ń jẹ́ kí wọ́n pè é ní kọ̀ǹpútà tó ń sùn ni hard disk àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ìyẹn kúrò, tó fi SSD sí i (nínú ọ̀kan lára àwọn ihò méjì tó yára yẹn), tó sì jẹ́ kí RAM rẹ̀ pé 8GB ó kéré tán, yóò rò pé kọ̀ǹpútà mìíràn ni wọ́n gbé fún òun. Kò sí owó téèyàn lè ná sórí ẹ̀ tó yọrí sí rere ju ìyẹn lọ. YouTube náà á ṣiṣẹ́, àmọ́ irú fídíò tí wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí kì í ṣe èyí tí ẹ̀yà àwòrán inú prósẹ́sọ̀ yìí mọ̀ ọ́n tú, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin yẹn ló máa fi ọwọ́ ara wọn tú u. Bí fídíò bá jẹ́ 4K, ẹ ó gbọ́ ariwo fáànù.

Ọ̀rọ̀ Windows ló le jù. Microsoft dáwọ́ àbójútó Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún tí wọ́n ṣe, ọdún kan péré ló tún kù, títí di oṣù kẹwàá ọdún 2026. Windows 11 tó dé lọ́dún 2021 kò sì ka i7-2600 mọ́ ènìyàn. Ìran kẹjọ ni Intel tí wọ́n ń gbà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ń bèèrè ẹ̀rọ ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Síbẹ̀, ẹ máa rí Windows 11 lórí ọ̀pọ̀ i7-2600 tí wọ́n tò sórí àtẹ. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni, ojú fèrèsé ló gbà! Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft ti sọ ọ́ kedere pé àwọn ò ṣèlérí pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ yóò máa rí àtúnṣe ààbò gbà. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ọ̀hún wọ àkáǹtì báńkì rẹ̀ ni kó ronú sí i. Linux Mint wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní kí arúgbó má wọlé, ṣùgbọ́n CorelDRAW àti ọ̀pọ̀ géèmù kì í fẹ́ẹ́ bá a gbé.

Ó ku géèmù tí ọmọ tìtorí rẹ̀ tẹ̀ lé bàbá wá. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àwọn géèmù kan wà tí i7-2600 ṣì ń fi ọwọ́ kan ṣe. PES 2013 kò lè mú un làágùn rárá. FIFA 19, Core i3-2100 tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n kọ pé ó kéré jù. GTA V tó dórí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2015, Core i5-3470 ni wọ́n ní kéèyàn ní kó lè dùn, ìyẹn ò sì jìnnà síbi tí 2600 wà. The Witcher 3 ọdún 2015 àti Red Dead Redemption 2 ọdún 2019, Core i5-2500K ni ìpìlẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi lélẹ̀, ilé kan náà lòun àti 2600 ti jáde.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Cyberpunk 2077 gba ìran kẹta nígbà tó jáde lọ́dún 2020, nígbà tó fi máa di 2023 wọ́n ti gbé ìpìlẹ̀ náà lọ sí i7-6700. Bọ́ọ̀lù EA Sports FC 24 ní i5-6600K ló kéré jù. Èyí tó tún wá le jù ni pé àwọn géèmù tuntun kan wà tí wọ́n fi èdè kan kọ tí wọ́n ń pè ní AVX2. Ọdún 2013 ni Intel ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn prósẹ́sọ̀ wọn ní èdè yìí, 2600 ti jáde nílé-ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ kì í rọra lọ lórí rẹ̀, ńṣe ni kì í ṣí rárá. Òmíràn bíi Battlefield 6 ọdún 2025 ń bèèrè TPM 2.0 àti Secure Boot kó tó jẹ́ kéèyàn wọlé, tí àgbà wa ò bá sì ní wọn, ó parí nìyẹn.

Èyí tó bá sì ṣí pàápàá, kì í ṣe iye àwòrán tó ń já jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìkan lèèyàn ń wò. Kọ̀ǹpútà lè máa lọ geere, kó wá kọsẹ̀ lójijì nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kù díẹ̀ kó wọ àwọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin yẹn ló ti rẹ̀.

Gbogbo ohun tí a ń wí yìí, tí kọ̀ǹpútà bá ní graphics card ni o. Ẹ̀yà àwòrán inú 2600, tí wọ́n ń pè ní HD 2000, kò tó nǹkan. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń fi ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, kì í sì í ṣe pé ọlọ́jà ló lù wọ́n ní jìbìtì, àwọn ni wọn ò béèrè. Ọ̀pọ̀ àpótí ọ́fíìsì yìí tẹ́ẹ́rẹ́, káàdì gíga ò lè wọnú wọn, àwọn tó kúrú ni wọ́n ń gbà. Power supply inú àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí kò ju nǹkan bíi 240 wáàtì lọ, kò sì sí wáyà àfikún tí wọ́n lè fà sí káàdì ńlá. Ohun tó bá a mu ni káàdì tí kò ju 75 wáàtì lọ, irú GTX 1050 Ti tàbí GTX 1650 tó kúrú, tí kò ní ihò iná lára. Ẹni tó bá sì rí RX 6400 tuntun tó kúrú bákan náà, kó má kánjú. Káàdì yẹn ń gba ọ̀nà mẹ́rin péré bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ọ̀nà àtijọ́ sì ni ti bọ́ọ̀dù 2011, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló máa dá sílẹ̀. GTX 1650 ń gba ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, kò ní í fura.

Bẹ́ẹ̀, ta ló máa san owó iná? 95 wáàtì ni òǹtẹ̀ tí Intel lù mọ́ i7-2600. Lọ́dún 2023 ni Intel kan náà gbé N100 jáde, prósẹ́sọ̀ kékeré inú àwọn kọ̀ǹpútà tó dà bí páálí bísíkíìtì, 6 wáàtì sì ni òǹtẹ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá kó gbogbo òṣìṣẹ́ àwọn méjèèjì sẹ́nu iṣẹ́, wọn ò jìnnà síra wọn! Nígbà tí epo ṣì wà lówó pọ́ọ́kú, kò sẹ́ni tó ń ka irú nǹkan báyìí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ilé tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí íńfátà gbé kọ̀ǹpútà ti mọ iyì wáàtì.

Lóòótọ́, ọjà tuntun ló ń jẹ owó. i3-12100 tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin bíi ti 2600, kò sì pé $130 tí Intel fi lélẹ̀ fún un, iṣẹ́ tó ń ṣe lé ní ìlọ́po méjì ti arúgbó. i3 ló na i7 bẹ́ẹ̀ yẹn o! Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tuntun, RAM tuntun àti àpótí tuntun ló máa tẹ̀ lé e, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ bàbá sì ti ń padà sídìí tòkunbọ̀.

Nínú tòkunbọ̀ náà, àgbà ju àgbà lọ. Nọ́mbà tó ṣáájú nínú mẹ́rin yẹn ló ń sọ ìran: 2600 jẹ́ ìran kejì, 4790 jẹ́ ìkẹrin, 8500 jẹ́ ìkẹjọ. Bó bá di márùn-ún bíi 10700, méjì àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kà, ìran kẹwàá nìyẹn. Ẹni tí owó rẹ̀ bá lè nà dé Core i5-8500 ọdún 2018, kó má wo ẹnu ọlọ́jà tó ń pariwo i7. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà nínú i5 yẹn, ó gbọ́ èdè AVX2, Windows 11 sì ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé sí i. Bí owó bá há débi pé i7-2600 ló kù, kò burú, àmọ́ owó arúgbó ni kí wọ́n gbà lórí rẹ̀, kì í ṣe owó orúkọ.

Kí wọ́n tó kó owó sílẹ̀ náà, kí wọ́n tan án. Lébẹ́ẹ̀lì iwájú kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí wọ́n ṣí ojú ewé Performance, orúkọ prósẹ́sọ̀ yóò jáde fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń sọ pé ọdún 2011 la ṣì wà, bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù ló ti kú, ìyẹn ò wọ́n. Bí fáànù bá ń ké bí ẹ́ńjìnnì ìlọta, ó ṣeé ṣe kí òróró tó wà láàárín fáànù àti prósẹ́sọ̀ ti gbẹ láti ọdún yìí wá, kí wọ́n ní kí ọlọ́jà fi tuntun sí i lójú wọn. Ìwádìí tí United Nations University wà nínú àwọn tó ṣe é, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, sọ pé lọ́dún 2015 àti 2016, bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹrù oníná àlòkù, tí kọ̀ǹpútà wà lára wọn, ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni kò ṣiṣẹ́.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́jà ti ń wá ọ̀rá tí yóò fi wé àpótí náà. Bàbá tí mẹkáníìkì ti lù ní jìbìtì rí lórí ọkọ̀ tòkunbọ̀ á na ìka sí lébẹ́ẹ̀lì.

"Ọmọ mi, i7 yẹn, nọ́mbà wo ló tẹ̀ lé e?"

Ọlọ́jà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Dadi, ẹ mà mọ kọ̀ǹpútà o! 2600 ni. Ẹ fún mi ní tiyín, màá yọ díẹ̀ kúrò."

"Èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Ìyẹn? i5 lásán ni, sà."

Ọmọ á ti na ọrùn wò ó. "Dadi, 8500 ni wọ́n kọ sí i lára."

"Sọ ọ́ kalẹ̀," ni bàbá á wí. "Tan án ká wò ó."